Fọ́ọ̀mù Ẹ̀yáwó Tí Akọ̀wé Kò Lè Ṣèèṣì Yí Padà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sọ ní Líkòsì, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fọ́ọ̀mù tí apá kan nínú rẹ̀ kò ní í ṣeé yí padà. Nígbà tí Alága kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni mo rín, nítorí ẹni tí iná ti jó rí ni wọ́n wá pè pé kí ó wá sọ̀rọ̀ iná. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ má baà rò pé mo wá ṣe ọ̀gá fún yín.

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo ṣe akọ̀wé fún ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí ń ta gàrí. Òun àti ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ṣe onídùúró fún obìnrin kan tí ó yá ₦300,000. Ayáwó yìí san díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kó kúrò ní ìlú, a kò rí i mọ́. Ó ku ₦180,000 nílẹ̀. Ìgbìmọ̀ pinnu pé kí a yọ gbogbo rẹ̀ nínú ìpamọ́ ìyá onígàrí, nítorí òun ni ó ní owó nílẹ̀. Èmi ni mo mú fọ́ọ̀mù tí ó tẹ ìka sí jáde. Ó wà níbẹ̀ gbangba pé onídùúró yóò san gbèsè tí ó bá kù. A yọ owó náà.

Ìyá kò pariwo. Ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì mú ìwé kan tí ó ti gbó jáde láti inú báàgì rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ wa náà ni, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi yá owó ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Àkọlé kan náà, òǹtẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n nínú ti àtijọ́ yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn tẹ̀lé ọ̀rọ̀ onídùúró: pé ìpamọ́ àti ìpín ẹni tí ó yáwó ni a ó kọ́kọ́ lò, pé àwọn onídùúró méjèèjì ni yóò pín ìyókù ní dọ́gbadọ́gba, pé a ó sì kọ ìwé sí wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí a tó fọwọ́ kan owó wọn. Ọmọ rẹ̀ ni ó kà á sí wa létí. Ìyá wá bi mí pé, “Akọ̀wé, èwo ni òfin nínú méjèèjì?”

Mo dákẹ́. Àfi ìgbà tí a wá ìwé òfin ẹgbẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé òfin tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ni a rí i pé ìwé àtijọ́ ti ìyá ni ó bá òfin mu.

Ta ni ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò? Èmi ni. N kò rántí ọjọ́ tí mo yọ ọ́. Bí mo ti ń ṣe é nìyí: bí ẹni titun bá fẹ́ yá owó, mo máa ń ṣí fọ́ọ̀mù ẹni tí ó yá kẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà, n ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, n ó tẹ orúkọ ẹni titun sí i, n ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ni ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní ọjọ́ kan, àdírẹ́sì ẹnì kan gùn, ìwé náà sún sí ojú kẹta, mo sì fẹ́ kí ó dúró lójú méjì nítorí owó pépà. Ó ní láti jẹ́ ìgbà náà ni. Mo fi ẹ̀wẹ̀ wo gbogbo fọ́ọ̀mù tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà, mo sì rí i pé mọ́kànlélógójì ni wọ́n tẹ̀lé ara wọn láìní ọ̀rọ̀ náà nínú. Àṣìṣe ọjọ́ kan ni ó bí wọn.

Ayáwó ní ₦70,000 ní ìpamọ́. Bí a bá yọ ìyẹn kúrò, ₦110,000 ni ó kù. Ìdajì rẹ̀ ni ₦55,000. Nítorí náà a jẹ ìyá ní ₦125,000. A dá a padà fún un, ó sì gbà á. Ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn mọ́kànlélógójì náà, a pè wọ́n kí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé titun. Àwọn méjì kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní èyí tí àwọn ti fọwọ́ sí ti tó.

Mo ti rò ó títí, ìdí tí irú èyí kò fi ṣẹlẹ̀ sí àwọn akọ̀wé tí ó ṣáájú wa. Kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n jù wá lọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín rántí pé ilé ìtẹ̀wé ni a ti ń tẹ fọ́ọ̀mù. A ó tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan, a ó dì í ní ìdì ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Òfin wà níbẹ̀ nínú yíǹkì, àyè tó ṣófo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àmì tótótó. Akọ̀wé kò lè fi bírò kọ nǹkan mìíràn àyàfi lórí tótótó. Bí ó bá fẹ́ yí òfin padà, àfi kí ó fi bírò fà á lára, gbogbo ayé yóò sì rí i. Àwọn tí wọn kò ní owó ilé ìtẹ̀wé lo ẹ̀rọ Gestetner, a ó fi taìpúráítà gé sítẹ́ńsùlù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì yí ẹ̀rọ títí ìwé yóò fi tó. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Yíǹkì rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti wà lára sítẹ́ńsùlù ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà ni ó mú ìyàtọ̀ yìí kúrò. Lójú kọ̀ǹpútà, gbólóhùn òfin àti orúkọ ẹni tí ń yáwó rọ̀ bákan náà. Bọ́tìnì kan náà ni ó ń pa méjèèjì rẹ́. Ohun tí mo wá kọ́ yín lónìí kò ju bí a ó ti dá yíǹkì ilé ìtẹ̀wé padà sínú kọ̀ǹpútà lọ: kí òfin le, kí àyè orúkọ rọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìwé lásán ni. Ní ọdún 1935 ni wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ìjábọ̀ tí Strickland, Òyìnbó tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ náà ní Íńdíà, kọ ní 1934. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé ìwé òfin ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba fún ìforúkọsílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1993 tún sọ ọ́: àtúnṣe sí òfin ẹgbẹ́ kò ní agbára títí Olùdarí ọ̀rọ̀ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yóò fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wò ó ná. Ìpàdé gbogboogbò pàápàá kò lè dá yí òfin padà ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kan, tí oorun ń kùn, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí rẹ̀, yí i padà pẹ̀lú ìka kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé ìdí iṣẹ́.

Àwọn télọ̀ ní pátánì. Wọn kì í gé pátánì fún oníbàárà, orí aṣọ ni wọ́n ń gbé e lé, wọn a gé aṣọ, wọn a sì gbé pátánì kọ́ padà sára ògiri. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú Word, òun ni wọ́n ń pè ní template. Èmi yóò máa pè é ní pátánì. Bí ẹ bá tẹ fọ́ọ̀mù tán, tí ẹ fẹ́ fi í pamọ́, ẹ má ṣe fi í pamọ́ bí ìwé lásán. Níbi Save As, ẹ yan Word Template. Orúkọ fáìlì náà yóò parí sí .dotx. Láti ìgbà náà, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó ṣí, ẹ̀dà titun ni yóò gbé fún yín, tí kò tilẹ̀ ní orúkọ. Pátánì fúnra rẹ̀ wà lára ògiri. Èyí nìkan, bí ẹ kò bá ṣe ohun mìíràn, ì bá ti gba ìyá onígàrí là, nítorí àṣìṣe ọjọ́ kan kì bá ti ràn mọ́ ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà titun náà ṣì rọ̀. Nítorí náà a ó ṣe èkejì. Nínú Word, ojú iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Developer, ṣùgbọ́n ó máa ń sá pamọ́. Ẹ lọ sí File, ẹ lọ sí Options, ẹ tẹ Customize Ribbon, kí ẹ sì fi àmì sí Developer ní ọwọ́ ọ̀tún. Yóò jáde sókè. Láti Word ti ọdún 2007 ni àwọn àpótí kéékèèké ti wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní content control. Ẹ gbé àpótí kọ̀ọ̀kan sí ibi tí tótótó wà láyé àtijọ́. Èyí tí ó wà fún ọ̀rọ̀ lásán, ẹ fi sí àyè orúkọ, àdírẹ́sì àti iye owó. Èyí tí ń gbé kàlẹ́ńdà jáde, ẹ fi sí àyè ọjọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni èyí tí ń gbé àkójọ jáde láti yàn nínú rẹ̀: bí òfin yín bá ní oṣù mẹ́fà, mẹ́wàá tàbí méjìlá ni a lè fi san owó, ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, kò sì sí akọ̀wé tí yóò lè kọ oṣù mẹ́jọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ẹ tẹ Properties lórí àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àpótí náà kò ṣeé pa rẹ́.

Nígbà tí àwọn àpótí bá ti dúró sáyè wọn, ẹ wá ti ìyókù pa. Ẹ lọ sí Review, ẹ tẹ Restrict Editing. Ẹ fi àmì sí àpótí kejì, èyí tí ó sọ irú àtúnṣe tí ẹ gbà láàyè, kí ẹ sì yan Filling in forms. Lẹ́yìn náà, Yes, Start Enforcing Protection. Yóò béèrè páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì. Ó parí. Láti ìsinsìnyí, ẹ lè lu bọ́tìnì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, inú àpótí nìkan ni ọ̀rọ̀ yóò wọ̀. Bí abala kan bá wà tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ̀wé sí fàlàlà, ẹ fi Continuous Section Break gé e sọ́tọ̀, kí ẹ tó ti ìwé pa ẹ wá yan Select sections, kí ẹ sì yọ àmì kúrò ní ti abala náà.

Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan tàbí méjì ni ẹ fẹ́ kí ó le nínú ìwé tí ó rọ̀, bí àpẹẹrẹ lẹ́tà tí a ń kọ sí ẹni tí ó jẹ gbèsè, ọ̀nà kúkúrú wà. Ẹ yan gbólóhùn náà, ẹ fi àpótí Rich Text bò ó, ẹ lọ sí Properties, kí ẹ fi àmì sí Contents cannot be edited àti èyí tí ó wà lókè rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ti di òkúta, ìyókù lẹ́tà sì rọ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ tí wọn kò ní owó Word, kí wọ́n má lọ ra ayédèrú. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2010. Níbẹ̀, ẹ yan ọ̀rọ̀ òfin, ẹ lọ sí Insert, ẹ tẹ Section, ẹ fi àmì sí Protect, kí ẹ sì fún un ní páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wá fi í pamọ́ bí pátánì, ti tiwọn ń parí sí .ott. Kí ẹ tó kó o fún ẹnikẹ́ni, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tí ẹ ó máa lò gan-an, nítorí ohun tí a ṣe nínú ọ̀kan kì í rí bákan náà nínú èkejì nígbà gbogbo.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní agbègbè yìí, títí dé ẹ̀bá títì Ṣágámù sí Ìkòròdú, kò ní kọ̀ǹpútà tiwọn. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń tẹ̀wé ni ẹ ń gbé fláàṣì lọ. Ọmọ tí ó jókòó níbẹ̀ kò mọ òfin ẹgbẹ́ yín. Bí ó bá rí ìlà pupa lábẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, yóò rò pé àṣìṣe ni, yóò sì bá yín tún un ṣe. Mo ti rí onídùúró tí ó di nǹkan mìíràn báyìí. Bí fọ́ọ̀mù bá ti wà ní títì, ọwọ́ ọmọ náà kò ní í dé ibẹ̀.

Wàyí o, n kò ní í tàn yín. Páásíwọ́ọ̀dù tí mo sọ yìí, ìlẹ̀kùn onígèlè ni, kì í ṣe ìlẹ̀kùn irin. Ẹni tí ó bá mọ inú Word lè tú u. Kódà ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè wo fọ́ọ̀mù náà kí ó tẹ òmíràn tí ó jọ ọ́. Àṣìṣe ni ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe olè. Ohun tí ń dá olè lẹ́kun ni pé kí fọ́ọ̀mù tí a fọwọ́ sí jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún ayáwó, ọ̀kan fún onídùúró. Ẹ kíyè sí i pé nínú ìtàn tí mo sọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó gba ìyá sílẹ̀, bí kò ṣe pépà tí ó ti gbó nínú báàgì rẹ̀. Kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, nínú apá tí ó le, ọjọ́ tí ìjọba forúkọ òfin náà sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá di méjì mú lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìsinsìnyí.

Ewu kejì tún wà, òun ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù. Àṣìṣe tí a bá tì pa ti di àṣìṣe gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá kọ èlé ìdá mẹ́wàá síbi tí òfin ti sọ ìdá márùn-ún, tí ẹ sì tì í, kò sí akọ̀wé tí yóò lè tún un ṣe, gbogbo fọ́ọ̀mù ọdún náà ni yóò sì gbé e. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ Yes, kí ẹni kan mú ìwé òfin tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dání, kí ẹlòmíràn máa ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èmi kò fara mọ́ ọn pé kí akọ̀wé nìkan mọ páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ kọ ọ́ sínú àpòòwé, kí Alága àti akápò fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó wà nínú àpótí owó. Akọ̀wé lè kú, akọ̀wé sì lè bínú lọ.

Ẹ má sì ti ohun gbogbo pa. Mo rí fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fún orúkọ ní àyè lẹ́tà ogún péré. Orúkọ wa ní ilẹ̀ yìí, ṣé lẹ́tà ogún gbà á? Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀, ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀.

Gbólóhùn kan wà tí n kò fẹ́ kí ó rọ̀ nínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kankan: èyí tí ó sọ pé a ti ka ìwé náà sí etí ẹni tí kò mọ̀wé, ní èdè tí ó yé e, kí ó tó tẹ ìka. Òfin tí ń dáàbò bo aláìmọ̀wé ti wà ní ilẹ̀ wa láti ìgbà ìjọba Òyìnbó, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá kọ ìwé fún aláìmọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ẹ fi àpótí méjì síbẹ̀ fún orúkọ akọ̀wé àti àdírẹ́sì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè mú kí gbólóhùn náà dúró. Kíkà gan-an, ẹnu wa ni yóò ṣe é. Ìyá onígàrí, mo jẹ́wọ́, n kò ka fọ́ọ̀mù sí i létí lọ́jọ́ tí ó tẹ̀ka. Mo ní, “Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí.” Bí mo bá kà á ni, obìnrin tí ó ní ìwé àtijọ́ nílé ì bá ti bi mí pé níbo ni ìyókù wà.

Akápò kan bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé, bí òfin bá yí padà ńkọ́? Ẹ dúró de ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá dé ni kí ẹ já àpòòwé níwájú ìgbìmọ̀, kí ẹ tún pátánì ṣe, kí ẹ yí ọjọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ padà, kí ẹ sì tẹ pátánì àtijọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan fún fáìlì. Ẹ má pa á rẹ́. Àwọn tí wọ́n yáwó lábẹ́ rẹ̀ ṣì ń san owó wọn.

Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi wá, bátìrì rẹ̀ sì kún. Ẹ mú fláàṣì yín wá sí tábìlì ẹ̀yìn lẹ́yìn oúnjẹ, àti ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí kò bá mú ìwé òfin wá, kí ó kọ́kọ́ lọ mú un wá. N kò ní í ti fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni pa láìrí i.